Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olóòtú ètò àríyànjiyàn lórí rédíò Yorùbá l'Ékòó: Ẹ máa bèèrè ìdí kejì

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdájí. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú, nínú ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà, nídìí iná àkàrà ní Muṣin, ohùn yín ló ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé e kalẹ̀ fún ará ìlú: ṣé ó yẹ kí ìjọba lé àwọn tó ń tajà lábẹ́ afárá? Ṣé ó yẹ kí onílé gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé ó yẹ kí ọmọ fẹ́ ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ̀? Ọ̀pọ̀ ará Èkó ni kò ní ibòmíràn tí wọ́n ti lè gbọ́ kí èèyàn méjì jiyàn lórí ohun tó tọ́ láìsí ìjà. Ìdí nìyẹn tí a fi ka ètò yín sí nǹkan ńlá, ìdí nìyẹn náà tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ohun kan kún un.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá parí sí "ó yẹ" tàbí "kò yẹ" ní ìdí méjì lábẹ́, ó kéré tán. Ìdí àkọ́kọ́ ń sọ ohun tó wà tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀: "Àwọn ọlọ́kadà ń ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀." Ìdí kejì ń sọ ohun tó tọ́: "Ohunkóhun tó bá ń ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, kí ìjọba fòfin dè é." Ẹni tó pe fóònù máa ń kígbe ìdí àkọ́kọ́, á sì gbé ìdí kejì mì. Olóòtú á ní "ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì wa", á mú ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀, ìdí kejì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Kì í ṣe àrùn Èkó nìkan. David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Scotland, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1739 sí 1740 pé àwọn tó ń kọ̀wé lórí ìwà á máa sọ ohun tó wà bọ̀, ṣàdédé ni wọ́n á bọ́ sórí ohun tó yẹ kó wà, wọn ò sì ní sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀. Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ máa bèèrè ọ̀nà yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kó tó kúrò lórí afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ owó ilé, ká rìn ín dópin. Ẹnìkan pè, ó ní: "Onílé tó gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ ayálégbé tuntun kò ṣe dáadáa, òfin ò gbà á." Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Ìdí àkọ́kọ́: òfin ò gbà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí: kò dáa. Kí ló so méjèèjì pọ̀? "Ohunkóhun tí òfin ò bá gbà, kò dáa." Ohun tí ẹni yẹn ò sọ nìyẹn, òun sì ni kí ẹ kà sí i létí: "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ nìyí?"

Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dán an wò. Òfin 2011 kan náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Kò mú wọn. Tó bá jẹ́ pé òfin nìkan ló sọ ọ́ di ohun tí kò dáa, a jẹ́ pé onílé tó gba owó ọdún méjì ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe ohun búburú, èyí tó gba irú rẹ̀ ní Ìkòyí kò ṣe nǹkan kan. Àti pé ṣáájú 2011, kò sí ohun tó burú níbẹ̀ rárá. Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó pè. Ó lè gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ti Ìkòyí dáa. Ó kéré tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tako ara rẹ̀, àwọn olùgbọ́ sì ti mọ ohun tí ìdí rẹ̀ máa ná wọn bí wọ́n bá tẹ̀ lé e. Ó lè ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó sì lè ní: "Rárá o, ti Ìkòyí náà burú, torí pé onílé ń lo àìrílégbé èèyàn láti gba ohun tí onítọ̀hún ò bá má gbà ká ní ó ríbòmíràn lọ." Ibí yìí ni inú wa máa ń dùn sí jù. Ìdí gidi ti jáde. Ọ̀rọ̀ òfin tó fi bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí tuntun yẹn náà ò gbọ́dọ̀ kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í léèrè nípa awakọ̀ dánfó tó sọ owó ọkọ̀ di ìlọ́po méjì nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní Ọ̀ṣòdì. Òun náà ń lo àìní àwọn èrò ọkọ̀. Ṣé kò dáa? Tó bá ní awakọ̀ jàre, kó sọ ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí onílé. Bóyá á ní èrò lè dúró kí òjò dá, ẹni tí kò nílé ò lè dúró síta. Ìyàtọ̀ tó ní láárí nìyẹn. Tó bá kàn ní "ti ilé yàtọ̀ ni", kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ má sì jẹ́ kí onílé lọ lófo. Òun náà á pè láti Súrùlérè, á ní: "Ilé mi ni, mo lè lò ó bó ṣe wù mí." Ìdí kejì tirẹ̀ ni pé ohun tó bá jẹ́ ti èèyàn, ó lè lò ó bó ṣe wù ú. Ẹ bi í bóyá ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ lè gbé e sábẹ́ fèrèsé yàrá tí òun onílé ń sùn, kí èéfín rẹ̀ máa wọlé mọ́jú. Á ní rárá, àyàfi tí kò bá pa ẹlòmíràn lára. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti dín ìdí rẹ̀ kù, ìbéèrè tó kù sì ni bóyá gbígba owó ọdún méjì ń pa ayálégbé lára. Ẹni tó ta ọjà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó lè san án, ẹni tó yá owó èlé, ọ̀rọ̀ wọn wúlò nísinsìnyí, torí a ti mọ ibi tí wọ́n bọ́ sí nínú àríyànjiyàn.

Àwọn nǹkan kan wà tó máa ń ba ìdánwò yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ yí ọ̀rọ̀ ẹni tó pè padà kó tó di pé ẹ dán an wò. Ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an ni kí ẹ kà sí i, kó sì gbà pé tòun ni. Ìkejì ni àpẹẹrẹ tó le jù: bí ẹ bá mú ìpànìyàn tàbí ìfipábánilòpọ̀ wọ ọ̀rọ̀ owó ilé, ojú á gbóná, etí á sì di. Àpẹẹrẹ tó wà ládùúgbò, tí kò sẹ́ni tó ń jiyàn lórí rẹ̀, ló dára jù. Ìkẹta, tó máa ń sá fún ojú, ni kí ẹni tó pè máa yọ ohun kan ṣoṣo tó ká a lọ́wọ́ kò sílẹ̀: "àyàfi jẹnẹrétọ̀". Kó sọ ìdí tí ìyọsílẹ̀ náà fi tọ́, tó yàtọ̀ sí pé ó gbà á là.

Ọ̀rọ̀ òwe ńkọ́? Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, a ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun tó ń dùn wá ni pé bí ẹnìkan bá ti pa òwe tó dùn, olóòtú á ní "ẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán", iyàn á sì kú síbẹ̀. Ká ní ẹ bèèrè bóyá ó yẹ kí ọmọ ọgbọ̀n ọdún di alága ìjọba ìbílẹ̀. Ẹnìkan á ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹnìkejì á ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà ló pa méjèèjì, wọ́n sì dojú kọ ara wọn. Bí òwe bá tó ẹ̀rí fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló jàre lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé òwe ni pé: kí ló mú kí ọ̀ràn yìí jọ ti òwe tiyín ju ti ẹnìkejì lọ? Ẹni tó pa òwe àkísà gbọ́dọ̀ sọ irú ìrírí tí iṣẹ́ alága ń fẹ́, tí ẹni ọgbọ̀n ọdún ò lè ní. Ṣé ti ìṣírò owó ni? Ṣé ti ìpẹ̀tùsááwọ̀ ni? Bó bá ti sọ ọ́, ó ti kúrò ní ohùn dídùn, ó ti di ohun tí a lè yẹ̀ wò.

Ẹ̀gbọ́n òwe ni "àṣà wa ni". Ẹ wo ilà kíkọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2003, de kíkọ ilà sára ọmọ; Èkó ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ ní 2007. Ẹni tó ní ilà dáa nítorí pé àwọn baba wa kọ ọ́, àti ẹni tó ní ilà burú nítorí pé òfin dè é, ibì kan náà ni wọ́n ti ṣubú. Ìrora ọmọ tí kò lè sọ pé òun ò fẹ́, àrùn tí abẹ lè kó sára, bí ilà ṣe jẹ́ àmì ìdílé láyé ogun àti òwò ẹrú, àti bóyá iṣẹ́ yẹn ṣì wà fún un lónìí: àwọn wọ̀nyí nìdí, wọn kì í sì í débẹ̀.

Ìdánwò kan wà tó gba sùúrù ju gbogbo rẹ̀ lọ: kí ẹ mú ìdí tí wọ́n fi ṣe nǹkan sí ẹnìkan, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n lò ó fún ẹlòmíràn tó wà nírú ipò yẹn. Kò sí àpẹẹrẹ tó ju ti Marókò lọ, àdúgbò etí omi kan tó wà l'Ékòó nígbà kan. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun tó wà l'Ékòó lábẹ́ Raji Rasaki wó o palẹ̀. Iye èèyàn tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé wọ́n lé jáde tó 300,000. Lára ìdí tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, omi lè bò ó. Ìdí kejì tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ibi tí omi lè bò, kí èèyàn má gbé e. Lẹ́yìn náà, ilé olówó hù síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbèjà ìjọba lè fèsì pé ilẹ̀ ṣeé da iyanrìn sí kí wọ́n tó kọ́lé. Èsì gidi ni, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe fún ọ̀rọ̀ náà. Bí iyanrìn bá lè tún ilẹ̀ ṣe, ohun tí rírẹlẹ̀ ilẹ̀ ń tì lẹ́yìn ni kí wọ́n da iyanrìn sí i. Kò ti ìdí kankan lẹ́yìn pé ẹni tó ń gbébẹ̀ kò gbọ́dọ̀ padà. Kéèyàn tó lè ti "ilẹ̀ rẹlẹ̀" dé "ẹlòmíràn ni kó wá gbébẹ̀", ó nílò ìdí mìíràn, èyí tó dá lórí ẹni tí ilẹ̀ tọ́ sí. Ẹni tó bá ń gbèjà ìwólé yẹn gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí yẹn, kí gbogbo Èkó gbọ́. Ìlànà kan náà ni kí ẹ lò nígbàkígbà tí wọ́n bá tún ní àwọn yóò lé ará etí omi kúrò nítorí ìlera wọn.

Ẹni tó máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Òwe yìí ni èèyàn máa ń lò jù fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ó sì dára, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Olè tó wà níwájú adájọ́ lè fi í bẹ̀bẹ̀: adájọ́ ò ní fẹ́ kí wọ́n rán òun lẹ́wọ̀n, ẹ̀yin náà ẹ má rán mi. Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Jámánì, tọ́ka sí irú àlébù yìí ní 1785. Nítorí náà, bí ẹni tó pè bá ní "ká ní ẹ̀yin ni ńkọ́?", ẹ fi kún un: ká ní ẹ̀yin ni gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ńkọ́, ẹni tí wọ́n jà lólè náà ńkọ́?

Lórí ìdí àkọ́kọ́, ti ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ ti ń gbìyànjú. Ẹ máa ń ní kí èèyàn sọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀. Nígbà tí ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìtàn ìjàǹbá kan tàbí méjì àti ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni èèyàn ń gbé kiri. Ẹnìkan tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ jẹ́ ìbànújẹ́, kò tíì sọ fún wa bóyá ọ̀kadà léwu ju dánfó lọ. Mélòó, nínú mélòó, ní ìfiwéra pẹ̀lú kí ni? Bí kò bá sẹ́ni tó ní iye yẹn nínú ètò, ẹ sọ ọ́ gbangba pé ìdí àkọ́kọ́ ò tíì fìdí múlẹ̀, kí ẹ sì máa bá ìdí kejì lọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo wà tí a fẹ́ kí ẹ kọ sára ògiri sítúdíò: "Bí a bá rí i pé ohun tí ẹ sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ ó yí èrò yín padà?" Ẹni tó ní kí wọ́n lé àwọn ọlọ́jà nítorí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, tó sì dáhùn pé bí ojú ọ̀nà tilẹ̀ já gaara òun á ṣì ní kí wọ́n lé wọn, sún-kẹẹrẹ kọ́ nìdí rẹ̀. Ẹ wá ìyókù lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà mìíràn, ẹ ó rí i pé àwọn méjì tó ti ń bú ara wọn fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó tọ́. Orí ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀, irú iyàn yẹn sì ṣeé fi ìwádìí parí.

"Ìwọ náà ń ṣe é" kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Òfin ọdún 2003 de títajà lójú títì l'Ékòó. Bí ẹni tó ń dá àwọn ọlọ́jà lẹ́bi bá ra gàlá nínú gósíló lánàá, àbùkù ara rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ṣì jẹ́ òótọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí irú ẹni tó jẹ́ ṣe pàtàkì ni ìgbà tó bá jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan la ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bákan náà ni "bí a bá gba èyí láyè, ọ̀la wọ́n á ní ká gba tọ̀hún": ẹ ní kó ka àwọn ìgbésẹ̀ tó wà láàárín lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì sọ ohun tó máa ti ọ̀kọ̀ọ̀kan dé èyí tó tẹ̀ lé e.

Bí ẹ ṣe lè ṣe é nínú ètò wákàtí kan nìyí. Ẹ ṣe ìbéèrè náà kó má lójú sápá kan. "Ṣé ó dáa kí ìjọba máa fìyà jẹ àwọn ìyá wa tó ń wá oúnjẹ òòjọ́?" ti ní ìdáhùn nínú. Ẹ yà á sí méjì: ṣé ó yẹ kí wọ́n máa tajà níbẹ̀, bí kò bá yẹ, ṣé ó yẹ kí ìjọba gba ọjà wọn lọ? Ẹni tó ń gba fóònù nínú yàrá kejì, kó bi ẹni tó pè ní ohun méjì kó tó so ó pọ̀ mọ́ yín: kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, kí nìdí? Kó kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fa ìlà sí mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó tọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ìlà àárín á máa ṣófo nígbà gbogbo. Òun ni ẹ ó fi ṣe ìbéèrè. Ẹ fún ẹni tó pè ní ìṣẹ́jú kan láti sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú méjì láti dáhùn. Iye tó máa pè á dín kù sí bíi mẹ́wàá. A mọ̀ pé àwọn tó ń gbówó ìpolówó kalẹ̀ fẹ́ràn fóònù tó ń dún láìdúró. Mẹ́wàá tí a yẹ̀ wò wúlò fún ìlú ju ọgbọ̀n tó kàn kọjá lọ.

Kí ẹnìkejì tó tako ẹnì kìíní, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹnì kìíní wí, kí ẹ̀yin jẹ́rìí sí i pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wí i. Ẹ ó rí i pé ìdajì ìbínú á lọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn, a bẹ̀ yín, ẹ yé ka iye àwọn tó pè kí ẹ sì fi ṣe ìdájọ́: "méjìdínlógún ní kí wọ́n lé wọn, márùn-ún ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, Èkó ti sọ̀rọ̀." Ẹni tó ráyè pè láago mẹ́jọ àárọ̀ ni ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí kirẹ́díìtì wà lórí fóònù rẹ̀. Ìyá tó ń ta ata lábẹ́ afárá ń já ẹrù lọ́wọ́ ní àkókò yẹn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ rán ẹnìkan jáde ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ètò, kó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání, kó bi ìyá yẹn ní ìbéèrè kan náà tí ẹ máa bi àwọn tó pè: kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, kí nìdí, kí ló mú kí ìdí yẹn tó? Kí ẹ gbé ìdáhùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ kí ẹ tó gba fóònù àkọ́kọ́.

Àwa díẹ̀ lára àwọn tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìrònú,
Yábà, Èkó.